Ìpè Ọlọ́run, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ àti gbèsè àjẹṣẹ́kù

Tíṣà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Iléèwé girama ìjọba ni mo ti ń kọ́ni, ọmọ méjì la bí. Ó ti pẹ́ tí ìpè láti lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́n ní ìgbèríko kan lápá àríwá ti ń dà mí láàmú, àwọn àgbà ìjọ sì ti jẹ́rìí sí i. Alàgbà kan ní kí n kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lóṣù January tí a wà yìí, pé ẹni tó bá ṣì ń ṣírò owó kò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. Ìyàwó mi kò kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí a dúró di òpin ọdún iléèwé ní July. Mo sì tún jẹ gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ₦900,000 ló kù, ₦50,000 ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi, ₦600,000 sì ni mo ní nípamọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé ìgbàgbọ́ ni kí n fò, àbí ìgbàgbọ́ ni kí n dúró?

---

Ajíhìnrere

Ẹ fò, arákùnrin mi. Pétérù àti Áńdérù kò dúró ta ẹja ọjọ́ yẹn tán kí wọ́n tó fi àwọ̀n sílẹ̀. Léfì dìde nídìí owó orí ni. Wòlíì Joseph Ayo Babalola ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ní October 1928 nígbà tí ohùn pè é. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà náà ń wá lójú méjèèjì. Ẹni tó bá di ohun ìtúlẹ̀ mú tó tún ń wo ẹ̀yìn, Lúùkù 9:62 ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Òpin ọdún iléèwé lónìí, òpin ilé kíkọ́ lọ́la, ìgbéyàwó ọmọ lọ́tùn-únla. Àwọn tó ń dúró kí gbogbo nǹkan pé kì í lọ mọ́.

---

Akápò

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀, ohùn mẹ́ta náà ló sì máa ń jáde. Àwọn kan á ní fò, Ọlọ́run á gbá ẹ mú. Àwọn kan á ní kọ́lé tán, kí àwọn ọmọ jáde yunifásítì, kí o gba owó ìfẹ̀yìntì, kó tó wá kan Ọlọ́run. Àwọn kẹta á ní máa ṣe iṣẹ́ oṣù àti iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀. Ìjà lórí àsìkò ni gbogbo wọn ń jà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: nínú ohun tí ẹ fẹ́ fi rúbọ yìí, èwo ni tiyín?

Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 24. Arauna fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà rẹ̀, màlúù àti igi ìdáná, lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀. Ó ka 50 ṣékélì fàdákà sílẹ̀, nítorí kò ní fi ohun tí kò ná an ní nǹkan kan rú ẹbọ sísun. Bí ọba bá kọ ẹbọ ọ̀fẹ́, kí ni ká ti pe ẹbọ tí ẹlòmíì máa san owó rẹ̀?

Tíṣà, bí ẹ bá lọ lóṣù yìí, ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ gba ₦600,000 tí ẹ ní nípamọ́. ₦300,000 tó kù á bọ́ sọ́rùn àwọn onídùúró yín. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ₦150,000 lọ́rùn kálukú, wọ́n á sì máa yọ ọ́ lára owó oṣù wọn títí yóò fi tán. Àwọn wọ̀nyẹn kò gbọ́ ohùn kankan lórí òkè àdúrà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Ẹ̀yin á máa jẹ́rìí nínú ìjọ pé ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, àwọn á máa sanwó ẹ̀rí náà.

---

Ajíhìnrere

Bàbá Akápò, ẹ ti sọ ìgbàgbọ́ di ìwé ìṣirò. Èlíṣà ńkọ́? Ó pa màlúù, ó fi igi ohun ìtúlẹ̀ dáná. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tó lè padà sí.

---

Akápò

Mo dúpẹ́ pé ẹ mú Èlíṣà wá, nítorí bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn kọ́ ló ṣe rí nínú 1 Ọba 19. Màlúù àjàgà 12 ló wà lóko, òun fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú ìkejìlá. Àjàgà kan ni Bíbélì sọ pé ó pa. Kò sí ibi tó ti fọwọ́ kan àwọn mọ́kànlá yòókù, èyí tó ṣeé ṣe kí ilé bàbá rẹ̀ máa lò. Ó tọrọ àyè kí ó lọ fẹnu ko bàbá àti ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó se ẹran náà fún àwọn èèyàn, wọ́n jẹ, kó tó dìde. Kò sí ẹni tó ń lé e bọ̀ fún gbèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ìránṣẹ́ ló di. 2 Ọba 3:11 sọ ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi Èlíṣà wàásù fún ọ̀dọ́ pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ni wọ́n ń rán an lọ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn kì í sọ fún un pé kó lọ bu omi sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Babalola. October 1928 ni ìpè. Nígbà tó padà délé ní Odò-Ọwá, àwọn kan pè é ní wèrè. Ó di December 1929 kó tó ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ ìjọ Faith Tabernacle ní Èkó, ó sì di July 1930 kí ìsọjí Òkè-Oòye ní Iléṣà tó bẹ́ sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì láàárín fífi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 1932 wọ́n tún fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Àárín yẹn ni kí ẹ wàásù rẹ̀ fún Tíṣà. Ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láàárín yẹn?

---

Ìyá Ìjọ

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láti àná, kò sẹ́ni tó bi ìyàwó Tíṣà ní nǹkan kan.

Tíṣà ọmọ mi, ìyàwó tó ní kí a dúró di July kò lòdì sí Ọlọ́run. Òun ló mọ iye garawa ìrẹsì tó kù nílé. Jókòó tì í, kí ẹ jọ dáhùn nǹkan wọ̀nyí kí o tó kọ lẹ́tà kankan: ṣé òun náà máa fiṣẹ́ sílẹ̀, àbí ó máa tọrọ ìyípadà ibi iṣẹ́? Ibo ni àwọn ọmọ máa ti kàwé, èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ ní kíláàsì ìsàlẹ̀? Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, ìrìn wákàtí mélòó ni, ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ṣe é gbà ní òjò? Bí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé, ta ni yóò wá, owó wo ni yóò fi wọkọ̀? Bí ara ìyá rẹ kò bá yá, ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń fọ́ iṣẹ́ míṣọ́n jù. Kì í ṣe inúnibíni. Òògùn ìyá ni.

Ẹ má wá sọ fún mi pé kí ó kórìíra bàbá àti ìyá rẹ̀ nítorí Kristi. Ẹnu Jésù kan náà ló bá àwọn Farisí wí ní Máàkù 7 nítorí Kọ́bánì, bí wọ́n ṣe ń sọ pé owó tó yẹ kí òbí fi jẹun ti di ti Ọlọ́run. Mary Slessor tó ti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Dundee wá sí Calabar ní 1876, oúnjẹ ìbílẹ̀ ló ń jẹ níbẹ̀ kó lè rówó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Scotland. Ìrúbọ tòótọ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ebi pa ara rẹ̀. Kò fi pa ìyá rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì wà lọ́kàn mi. Bí ó bá ṣe pé ìyàwó Tíṣà ni Ọlọ́run pè, tí ọkọ ní kí ó dúró di July, ṣé Ajíhìnrere á ní kó fò?

---

Ajíhìnrere

Màmá, ẹ mú mi níbẹ̀. Rárá, màá ní kó tẹrí ba fún ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lórí ẹni tó ń fi ọjọ́ sún ọjọ́.

---

Ẹlẹ́sẹ̀-Ọ̀nà

Pápá ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé, nítorí mo rí i pé ibi ìlọkúrò nìkan ni ẹ wà.

Ìnáwó oṣù kan fún ìdílé mẹ́rin ní ìgbèríko, ká fi ṣe àpẹẹrẹ: oúnjẹ ₦110,000, ilé ₦20,000, owó iléèwé tí a pín sí oṣooṣù ₦45,000, ọkọ̀ ₦30,000, oògùn ₦15,000, fóònù ₦10,000, ti òbí ₦20,000. ₦250,000 nìyẹn. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni owó iṣẹ́ náà gan-an: epo ọ̀kadà, Bíbélì, oúnjẹ àlejò. Ní abúlé, àlejò kì í sọ tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì lè jẹun lójú rẹ̀ kí ẹ má bù fún un. Ẹ fi ₦50,000 kún un. ₦300,000.

Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn. Èèyàn á ṣèlérí nígbà tí orin ìsìn ìránniníṣẹ́ ń lọ, omi á wà lójú wọn. Ẹ má ka ìlérí náà ní gbogbo rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ kà. Tí ẹ bá nílò ₦300,000, ẹ wá ìlérí ₦450,000. Bí ìjọ méjì bá ṣèlérí ₦100,000 kọ̀ọ̀kan, ₦250,000 ló kù, ìyẹn èèyàn 25 ní ₦10,000. Ẹ má jẹ́ kí ìjọ kan ṣoṣo gbé ju ìdajì lọ. Wọ́n á gbé pásítọ̀ lọ sí ibòmíì, pásítọ̀ tuntun á ní ilé ìsìn ni òun fẹ́ kọ́, orúkọ yín á sì kúrò nínú ìwé ìnáwó láìsí ìjà kankan.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́: lẹ́tà tó ń dé kìkì nígbà tí owó bá tán. Lóṣù kẹta èèyàn kì í ṣí i mọ́. Ojú ìwé kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà. 22 tàbí 23 ló dára, kí owó oṣù tó wọlé. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àti èyí tí kò dára. Ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ má kọ iye ọkàn tó yí padà bí pé owó ọjà ni ẹ ń kà. Bí ibi tí ẹ wà bá le, ẹ má kọ orúkọ abúlé, ẹ má fi àwòrán ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ sórí WhatsApp; wọ́n á fi ránṣẹ́ síwájú, ilé bàbá rẹ̀ á rí i.

Ìwé báńkì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́. Kí ẹlòmíì nínú ìjọ tó rán yín máa rí ohun tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́n bíi CAPRO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 láàárín àwọn àgùnbánirọ̀ ní Zaria, ìlànà tiwọn ti wà, ẹ̀kọ́ wà ṣáájú pápá, ẹ kò ní nílò láti dá gbogbo rẹ̀ rò. Ẹni tó dá lọ ló máa ń jìyà jù.

---

Ajíhìnrere

Ibí gan-an ni mo ti ń bẹ̀rù. Ìlérí 25, ìjọ méjì, lẹ́tà ọjọ́ 22. Èèyàn ni ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yẹn, kì í ṣe Ọlọ́run. George Müller kò sọ àìní rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run sì bọ́ ọmọ òrukàn tó lé ní 10,000.

---

Òǹkàwé Ìtàn

Müller tí ẹ dárúkọ yìí, a máa ń gé ìtàn rẹ̀ kúrú. Ọmọ Prussia ni, ó ń ṣe pásítọ̀ ní Teignmouth ní England. Ní 1830 ó kọ owó oṣù tó dájú, ó sì gbé àpótí kan sí ilé ìsìn kí ẹni tó bá fẹ́ sọ nǹkan sínú rẹ̀. Ní 1836 ó ṣí ilé ọmọ òrukàn àkọ́kọ́ ní Bristol, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1898. Òótọ́ ni pé kì í tọrọ, kì í sì í yá owó. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ ìròyìn jáde, ó ń kọ ẹ̀bùn tó wọlé sílẹ̀, kékeré àti ńlá. Kò sí akápò tó lè rí ìwé ìṣirò Müller kó má gbóríyìn fún un.

Àwọn kan láti ìgbà ayé rẹ̀ ti ń sọ pé ìròyìn náà gan-an jẹ́ ọ̀nà àtitọrọ. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́. Ní December 1841, owó wọ́n wọn gidigidi, àsìkò sì ti tó láti ṣe ìpàdé gbangba àti láti tẹ ìròyìn ọdún. Ó sún méjèèjì síwájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ó fi ìròyìn náà pè fún owó. Ó dá ara rẹ̀ lóró, ṣùgbọ́n kò dá ẹlẹ́ran lóró, nítorí kì í ra àwìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ọ̀nà Müller, kó tẹ̀lé e tán: kò gbọdọ̀ tọrọ, kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè, kó sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn. Ẹni tó ń sọ pé Ọlọ́run nìkan lòun ń wò, tó wá ń ra ẹ̀wà láwìn lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà, ìyá ẹlẹ́wà ló ń wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ká rántí pé nǹkan lè dàrú fún ẹni tí wọ́n rán dáadáa. David àti Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní 1853, ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS wà lẹ́yìn wọn ní London. Ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun dí, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Ohun èlò ilé ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó jẹun, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ìṣirò London kò dé Kúdẹtì, ibi tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ajíhìnrere ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ibi kan wà tí ìṣirò máa parí sí.

---

Akápò

Mo gba ìyẹn láìjiyàn. Mi ò sọ pé kí Tíṣà ṣírò títí ewu á fi tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó san ohun tó jẹ, kó tó fi ohun tó kù wéwu.

Ẹni tó ní kí a máa ṣe méjèèjì pọ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ níbí, mo bá wọn sọ ọ́ nítorí Pọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìṣe 18:3, ó ń pàgọ́ pẹ̀lú Àkúílà àti Prìsílà ní Kọ́ríńtì. Wọn kì í ka ẹsẹ 5: nígbà tí Sílà àti Tímótì ti Makedóníà dé, Pọ́ọ̀lù fi ara rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà pátápátá. 2 Kọ́ríńtì 11:9 sì sọ pé àwọn ará tó ti Makedóníà wá ló dí àìní rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń pàgọ́ nígbà tí kò sówó, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí owó dé. Kò sọ ọ̀kan di òfin.

Ìjọ kálukú sì yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwa Onítẹ̀bọmi, ìjọ ló ń pe pásítọ̀, ẹ lè jókòó sọ iye owó oṣù kí ẹ tó dé. Lọ́dọ̀ Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù ló ń rán yín lọ síbi tó bá wù ú. Mẹ́tọ́díìsì náà, ìpàdé àpapọ̀ ló ń yan ibùdó. Ìrúbọ tí ẹ ń rú níbẹ̀ kì í ṣe ti owó bíkòṣe ti ibi tí ẹ máa gbé. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ràn sí bíṣọ́ọ̀bù lẹ́nu, kó má fi ojú owó nìkan wo ìpè rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì

Ẹ gbà mí láyè kékeré. Gbogbo ẹni tó ń wá ìdánilójú ìpè ló ń gba ààwẹ̀ báyìí, a sì ń rí wọn ní wọ́ọ̀dù. Ààwẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, aboyún tàbí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró nítorí pé ó wà lórí òkè. Bí ààwẹ̀ bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ mu omi. Ẹ fi ògì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣínu, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi iyán ṣínu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló máa ń bì, tàbí kó dákú. Ẹ má sì ṣe ìpinnu ńlá ní alẹ́ tí ebi àti àìsùn ti mú yín jù. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, ẹ tún un kà lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun sùn. Bí ó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, á ṣì wà níbẹ̀.

---

Ìyá Ìjọ

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo tún fẹ́ padà sórí alàgbà yẹn. Tíṣà, lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sọ pé: "Bàbá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Eélòó ni kí n kọ sí orúkọ yín lóṣooṣù?" Bí ó bá dárúkọ iye kan, olùrànlọ́wọ́ lo rí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ ìwò tó bọ́ Èlíjà, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ. Ìgbàgbọ́ tí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ lóṣooṣù bá ń fi owó oṣù ẹlòmíì ní, kì í ná an ní nǹkan kan.

---

Tíṣà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi jọ kà á ni. A dúpẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Owó ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́, ṣé ó ti ṣòfò? Bí a bá sì gbà láti dúró di July, báwo ni mi ò ṣe ní di ẹni tí Ajíhìnrere ń sọ, tó ń fi ọjọ́ sún ọjọ́?

---

Akápò

Kò ṣòfò. Bí ìpínlẹ̀ yín bá wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, òfin ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ìyókù á dúró síbẹ̀ dè yín. Ẹ kíyè sí oṣù mẹ́rin yẹn: owó náà kò lè jẹ́ owó ìrìnnà yín. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà nísinsìnyí tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù láì fi ránṣẹ́. Ẹni tó ti kúrò kì í rí ẹni bá a lé e.

Ètò ìlera tó so mọ́ iṣẹ́ yín á parí tí ẹ bá lọ. Ẹ forúkọ ìdílé sílẹ̀ ní ètò ìlera ti ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ, ẹ tètè sanwó rẹ̀, torí káàdì kì í sábà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn sanwó.

Ní ti ìdúró. Wọ́n ń yọ ₦50,000 lóṣù. Láti February dé July, oṣù mẹ́fà, ₦300,000. ₦600,000 ló máa kù, iye yẹn gan-an lẹ ní nípamọ́. Ẹgbẹ́ á fi ọ̀kan pa ọ̀kan rẹ́, kò sí onídùúró tó máa san kọ́bọ̀. Ìyàwó yín lè má ti ṣe ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n oṣù tó mú yẹn bọ́ sójú rẹ̀ gan-an. Ẹ má tún yá owó mìíràn, kódà ti ọdún Àjíǹde.

Nítorí kí July má di July ọdún mìíràn, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fún pásítọ̀ ní ẹ̀dà kan. Kí ẹ sì kọ ohun tí kò ní dá yín dúró: bí ìlérí kò bá pé ₦450,000 ṣùgbọ́n tó dé ₦350,000, ẹ ń lọ. Bí ilé kò bá tíì ní òrùlé, ẹ ń lọ.

---

Ajíhìnrere

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ẹ ò kàn tíì sọ owó ìpamọ́. Oṣù mélòó ni kó ní lọ́wọ́?

---

Akápò

Oṣù mẹ́ta, bí ó bá ṣeé ṣe.

---

Ajíhìnrere

₦900,000, tíṣà ìjọba! Àwa méjèèjì kò ní fẹnu kò síbẹ̀ láéláé. Lúùkù 10:4, ẹ má mú àpò owó lọ́wọ́.

---

Akápò

Lúùkù 22:36, kí ẹni tó ní àpò owó mú un. Jésù kan náà ni.

---

Ẹlẹ́sẹ̀-Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù kan àti owó ọkọ̀ àpadàbọ̀ ìdílé mẹ́rin, tí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ìyẹn kò fi ìgbàgbọ́ hàn tàbí àìnígbàgbọ́. Àìsàn ọmọ kì í dúró de ìparí oṣù.

---

Tíṣà

A ti kọ July sílẹ̀, ìyàwó mi ti fọwọ́ sí i. Báwo ni lẹ́tà náà ṣe yẹ kó rí?

---

Akápò

Kúkúrú. Ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, ìdúpẹ́ gbólóhùn kan, àti àwọn ohun tí ẹ máa dá padà. Ẹ má wàásù nínú rẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín wò fún iye àkíyèsí tí wọ́n béèrè. Bí ó bá jẹ́ oṣù kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìparí June, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè ní kí ẹ san owó oṣù kan. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí èyí tí ẹ ń mú lọ. Ẹ gba lẹ́tà pé wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà á, àti ìwé pé ẹ kò jẹ gbèsè lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ìsinmi aláìlówó-oṣù. Ẹni tó bá rí i gbà kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ rò ó dáadáa bóyá ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ní SS3 lọ́wọ́, kí máàkì ìgbéléwọ̀n wọn wọlé sọ́dọ̀ WAEC kí ẹ tó kúrò. Ẹni tó bá gba kíláàsì lẹ́yìn yín kò ní mọ ibi tí ẹ kọ ọ́ sí.